Ewé Ànàmọ́ fún Màámi ní Òkè Baálẹ̀

Àtìní, 10 Oṣù Kẹta 2025

Nọ́ọ̀sì ló ní kí n ra ìwé, kí n máa kọ gbogbo ohun tí Màámi bá jẹ sínú rẹ̀. Irínwó náírà ni wọ́n ta ìwé náà fún mi. Ó yá, kí n bẹ̀rẹ̀. Lónìí, Màámi mu omi. Ó parí.

Wọ́n gun ìwọ̀n ní kílíńnìkì láàárọ̀, kílò 46 ló sọ. Nígbà tá a kúrò l'Ábíjàn lóṣù kìíní, 51 ni. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó yẹ ìtọ̀ wọn wò, kò rí nǹkan kan. Ó wá kọjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mò ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu ìyá mi. "Ẹ rí i pé Màmá ń jẹun o." Màámi ní ààwẹ̀ làwọn ń gbà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin! Nọ́ọ̀sì ní Ọlọ́run ti yọ àgbàlagbà sílẹ̀ nínú ẹ̀. Màámi ní, "Ṣé ìwọ lo bá mi bá Ọlọ́run sọ ọ́ ni?" Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Àlàrùbá, 12 Oṣù Kẹta

Sààrì: ògì, ṣíbí mẹ́ta. Ìṣínu: dàbínù kan àti omi.

Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ jẹ gan-an? Ẹ ṣáà dárúkọ ẹ̀." Wọ́n wo àjà títí, wọ́n ní, "Ewé ànàmọ́. Kó o sè é bí a ṣe ń sè é l'Ábíjàn, ká fi jẹ ìrẹsì."

Mo yí gbogbo ọjà po. Ẹ̀fọ́ kúnlẹ̀ lọ súà, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn náà wà níbẹ̀. Mo bi ìyá kan pé ibo ni mo ti lè rí ewé ànàmọ́ rà. Ó ní, "Ewúrẹ́ mélòó lẹ ní?" Mo ní ènìyàn ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́.

Ó dáa náà. Màá gbìn ín fúnra mi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbin ewé tà létí ọ̀sà, kí ló tún kù tí mi ò mọ̀?

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Jẹ̀lílì gé igbó ẹ̀yìnkùlé, ó sì dáná sun ún. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, wẹ́dà ni, òun àti ìyàwó ẹ̀ la jọ ń gbé ilé yìí. Ẹnu ẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì, àmọ́ kò ya ọ̀lẹ.

Ilẹ̀ Abíjàn, iyanrìn ni, ọwọ́ lásán lo lè fi wà á. Mo sọ ọkọ́ sí tibí, ó dún gbàǹ, ó ta padà sí mi. Jẹ̀lílì ní, "Àǹtí, ẹ rọra, ilẹ̀ baba yín ni, kì í ṣe ọ̀tá yín." Mo ní kó gba ọkọ́ náà kó bá baba mi rò ó.

Zulkifli pè lẹ́yìn ìṣínu. Àbúrò mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, àmọ́ láti ìgbà tó ti ń ta pàátì mọ́tò l'Ábíjàn ló ti di bàbá gbogbo wa. "Àǹtí, mò ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá. Bí mo bá dé tí Màámi ṣì ń gbẹ báyìí, mo máa gbé wọn padà síbí. Ẹ má bínú sí mi." Mo ní ṣebí àwọn fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ wálé, pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n sin àwọn sílẹ̀ onílẹ̀. Ó ní, "Ìgbà tí wọ́n ń jẹun ni wọ́n sọ ìyẹn."

Bó bá gbé Màámi lọ, kí ni èmi wá ń ṣe ní Òṣogbo? Kodifuà ni wọ́n bí mi sí. Mo ta ṣọ́ọ̀bù, mo ta firíìjì, mo gbé ilẹ̀ ẹ̀fọ́ mi fún ẹlòmíì, mo tẹ̀lé ìyá mi wá sí ìlú tí mo mọ̀ nínú fọ́tò. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti nílé tiwọn. Màámi nìkan ni mo ní níbí. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Jímọ̀, 21 Oṣù Kẹta

Àkọ́rọ̀ òjò dé lánàá, tòun ti ìjì. Páànù méjì ṣí lórí ilé ìdáná. Jẹ̀lílì bá mi wá okùn ànàmọ́ ìdì méjì, mo sì gbìn ín láàárọ̀ yìí sórí bẹ́ẹ̀dì pẹrẹsẹ, ó sún mọ́ra dáadáa, bí a ṣe ń gbìn ín lọ́hùn-ún.

Obìnrin kan yọjú lórí fẹ́ǹsì. "Ẹ ò kọ ebè ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀dì la máa ń ṣe ní tiwa. Ó ní, "Tiyín níbo?" Mo ní Abíjàn. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá Abíjàn. Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì ń rẹ́rìn-ín wọlé lọ. Inú bí mi. Ìyàwó Jẹ̀lílì ní Ìyá Adéyọrí nìyẹn, ará Iléṣà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé kò sí ẹni tí kì í kọ́ ní nǹkan.

Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Ọdún ààwẹ̀. A kírun, a dúpẹ́. Ààwẹ̀ ti tán, àwáwí ti tán. Màámi jẹ ẹran kan, wọ́n ní, "Kò dùn lẹ́nu mi." Ẹran tí èmi àti ìyàwó Jẹ̀lílì fi gbogbo òru dín!

Àlàmísì, 3 Oṣù Kẹrin

Òjò ò rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé. Kànga ti lọ sísàlẹ̀, okùn tí mo fi ń fa omi ò tó o mọ́, mo ní láti so ìró mi mọ́ ọn. Mo pọn garawa méjìlá láàárọ̀, méjìlá nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ amọ̀ yẹn mu ún, ó tún sán. Àwọn ànàmọ́ mi ti gbẹ, wọ́n rí bí okùn bàtà.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi l'Ábíjàn, mo sọ fún un pé ilẹ̀ yìí ò gbà mí. Ó ní kí n padà wálé. Ilé wo? Mo lọ sí kíṣìnnì, mo sunkún mi tẹ́rùn. Nígbà tí Màámi bi mí pé kí ló ṣe ojú mi, mo ní èéfín ni.

Àtàláátà, 8 Oṣù Kẹrin

Mo ṣe àṣìṣe lónìí, n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ibi tí Jẹ̀lílì dáná sun, ewéko kan hù síbẹ̀ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ yẹn, ó tutù, ó yọ̀, òùngbẹ ò pa á bó ṣe pa tèmi. Mo fi ìbínú fà á tu látòkè délẹ̀. Mo gbá ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní, mo kó gbogbo ẹ̀ dà sétí fẹ́ǹsì. Àṣé Ìyá Adéyọrí ti ń ṣọ́ ewé yẹn láti ọjọ́ yìí wá, ó ń dúró kó gbó díẹ̀ sí i kó tó wá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣe ni obìnrin náà káwọ́ lérí. "Ebòlò! Ìyá Abíjàn, ebòlò lo fà dànù báyìí! Odidi ebòlò!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó ń sáré sọ ọ́, ìdajì ni mo gbọ́, ìdajì yẹn náà sì tó.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mo rò pé koríko ni." Ó ní, "Ẹni tó ń gbin oúnjẹ ewúrẹ́ tó ń fa oúnjẹ ènìyàn tu!" Mo wò ó, ó wò mí. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, a jọ jókòó ti òkìtì yẹn, a ṣa èyí tí kò tíì rọ níbẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé kí n múra, òun máa mú mi lọ sóko bàbá òun ní Òṣú lọ gé okùn ànàmọ́ gidi.

Màámi jẹ ẹ̀bà òkèlè mẹ́fà pẹ̀lú ebòlò. Mo kà á.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹrin

Òjò rọ̀ lálẹ́ àná, Alihamudulilahi, a sì gba Iléṣà lọ sí Òṣú láàárọ̀. Ìyá Adéyọrí wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wá sóko. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà! Ó ní ojúlé Fásanmí, ilé bàbá òun, kì í fi sílípáàsì rìn ní Òṣú. Ibi tó ti ń fi han mí bí wọ́n ṣe ń kọ ebè ló ti yọ̀, tó jókòó wọ̀ọ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo fẹ́ fà á dìde, èmi náà jókòó tì í.

Ó kọ́ mi dáadáa o. Ebè ni kí n kọ, kí omi lè máa gbẹ́sẹ̀ lọ nígbà òjò, kí ìsàlẹ̀ sì rọ̀ nígbà ọ̀dá. Kí n tẹ okùn náà bọlẹ̀, kí orí ẹ̀ yọ díẹ̀. Kí n má tún fún un pọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ń ròyìn fún Màámi bí ará Iléṣà ṣe jókòó sínú ẹrẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ parí, ẹ̀rín ń pa mí. Màámi ń wo ẹnu mi. Wọ́n jẹ ìrẹsì ìdajì àwo. Ìdajì àwo! Ẹja tútù tí mo fi se ọbẹ̀ ni, ó dá mi lójú. Màá tún rà á lọ́la.

Àìkú, 13 Oṣù Kẹrin

Mo ra ẹja. Wọn ò jẹ ẹ́.

Àtàláátà, 15 Oṣù Kẹrin

Ìwọ̀n: 44. Nọ́ọ̀sì ka ìwé mi, ó ní mo gbìyànjú, àmọ́ kí ni mo ń kọ nípa ìgbéraga ará Iléṣà sínú ìwé oúnjẹ? Mo gba ìwé mi.

Ebè méjìdínlógún ni mo kọ, mo sì gbin okùn tá a gé ní Òṣú sórí wọn. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹrin

Ìgbẹ́ adìẹ, àpò kan ₦1,500. Mo dà á sídìí tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kẹta, gbogbo tẹ̀tẹ̀ ti jóná. Ìyá Adéyọrí ní ó ti gbóná jù, pé kí n kọ́kọ́ jẹ́ kó jókòó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò dà á sí ànàmọ́.

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Ẹ wá wo ànàmọ́ mi! Ó ti bo gbogbo ebè, ewé ẹ̀ fẹ̀, ó ń dán. Tata díẹ̀ ń jẹ ẹ́, mò ń ṣa wọ́n láàárọ̀. Mo fẹ́ jẹ́ kó dàgbà di Sátidé tó ń bọ̀, kí n gé e, kí n se ìkòkò ńlá.

Jẹ̀lílì ti gbé àgbò Iléyá dé. Ìwo ẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ ìdí máńgòrò. Ó ń wò ó bí ẹni tó bí i.

Àtàláátà, 13 Oṣù Karùn-ún

43. Zulkifli ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ti lílọ àti ti bíbọ̀. Ó ra ti Màámi náà mọ́ ọn. Ó ní òun ò ní fi tipátipá gbé wọn, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Mo fẹ́ bú u, mo pa fóònù.

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Karùn-ún

Mo jí, mo kírun, mo mú ọ̀bẹ àti agbọ̀n, mo jáde sẹ́yìnkùlé.

Ebè lásán. Méjèèjìdínlógún. Wọ́n ti gé gbogbo ewé ànàmọ́ mi kúnlẹ̀, ó ku kùkùté okùn. Àgbò dúró sídìí máńgòrò, ìtí ewé ga dé àyà ẹ̀, ó ń jẹ tèmi wọ̀mùwọ̀mù, ó sì ń wò mí.

Jẹ̀lílì yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú àdá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, mo ti bá yín gé e o, kẹ́ ẹ má bàa tún wàhálà. Ẹ ṣeun gan-an ni, n kò mọ̀ pé ẹ rántí àgbò wa." Ó rò pé àgbò ni mo gbìn ín fún! Láti ìgbà tí mo ti ń pọn omi, tí mo ti ń ṣa tata, ó rò pé àgbò ni mò ń ṣe é fún!

Mi ò mọ ohun tí mo sọ tán. Mo mọ̀ pé mo sọ bàtà. Mo mọ̀ pé mo ní ilẹ̀ bàbá mi ni, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ebè yìí, ẹni tó bá tún fi àdá kan ewé kan níbí kò ní rí mi gbé. Gbogbo àdúgbò jáde. Jẹ̀lílì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń ní, "Àǹtí, ta ló ń jẹ ewé ànàmọ́? Ẹ dákun, ta ló ń jẹ ẹ́?" Ìyá Adéyọrí wà lórí fẹ́ǹsì, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò rí i ṣe.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Màámi ni. Wọ́n di ojú ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Oṣù mẹ́rin rèé tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Wọ́n jẹ àkàrà mẹ́ta láàárọ̀ yìí, wọ́n sì fi ògì lé e. Inú ṣì ń bí mi sí Jẹ̀lílì o.

Àlàmísì, 29 Oṣù Karùn-ún

Ó ń rú! Ìyá Adéyọrí ní bí ìsàlẹ̀ ò bá ti kú, ó máa padà wá, àti pé òjò ọ̀sẹ̀ yìí dára sí i. Àgbò já okùn lọ́sàn-án. Mo bá a lórí ebè kẹta, mo di ìwo ẹ̀ mú, ó fà mí, mo fà á, a fi bẹ́ẹ̀ dé ìdí kànga. Mo ṣẹ́gun. Orúnkún mi bó. Ìyá Adéyọrí ní kí n wá kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá. A ti ṣàdéhùn, bí òjò kejì bá dé, a jọ máa gbin ṣọkọ sí ilẹ̀ tèmi àti tiẹ̀, a sì máa gbé fẹ́ǹsì àárín kúrò.

Àtìní, 2 Oṣù Kẹfà

Mo sè é. Ewé ànàmọ́ tútù, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ata díẹ̀, ìrẹsì funfun. Òórùn ẹ̀ gbé mi padà s'Ábíjàn, mo dúró nídìí iná mo ń gbọ́ ọ. Jẹ̀lílì fi ìbẹ̀rù tọ́ ọ wò, ó jẹ àwo méjì, ó ní kò yẹ kí àgbò máa nìkan jẹ irú nǹkan báyìí.

Màámi jẹ ṣíbí mẹ́ta. "Ó dáa," wọ́n ní. "Ó dáa gan-an." Wọ́n sì ti àwo sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá. Mo gbé àwo náà lọ sí kíṣìnnì, mi ò sunkún. Ó ti sú mi kọjá ẹkún.

Àlàrùbá, 4 Oṣù Kẹfà

Zulkifli dé nírọ̀lẹ́, eruku bò ó, ọjọ́ méjì ló fi wà lọ́nà. Ó gbá Màámi mọ́ra, ọwọ́ ẹ̀ yí wọn po, ó tún ṣẹ́ kù. Ó wò mí lórí èjìká wọn. A ti lọ sí kílíńnìkì láàárọ̀: 44. Kílò kan péré ló lé. Mo fi ìwé hàn án bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ olùkọ́.

Àlàmísì, 5 Oṣù Kẹfà

Ọ̀la ni Iléyá. Mò ń kọ èyí ní tábìlì kíṣìnnì.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Zulkifli gbé báàgì Màámi jáde. Ó ń ká aṣọ wọn sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní lọ́jọ́ Ajé làwọn máa lọ, pé kí n má wulẹ̀ bínú. Màámi jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, "Nọ́síràtù, ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo máa di ẹrù tìẹ?"

Mo ní, "Ẹrù wo?"

"Ẹrù tìẹ. Ṣebí a jọ ń lọ ni."

Mi ò ronú kan ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Èmi ò lọ síbì kankan, Màámi. Mo ní ebè méjìdínlógún nílẹ̀. Èmi àti Ìyá Adéyọrí fẹ́ gbin ṣọkọ. Mo ṣì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ewúro. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ, màá máa sunkún yín lójoojúmọ́, àmọ́ èmi ti délé." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Màámi ní, "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kì í ṣe nítorí mi lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màámi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kẹ́ ẹ máa lọ!"

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Zulkifli, tú báàgì yẹn." Ó dúró, ó di búbá mú lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ò ń gbọ́ mi? Tú u. Nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ṣe ń ṣe gbogbo eléyìí. Ó ta gbogbo ohun tó ní, ó tẹ̀lé mi wá síbí, láti ọ̀sẹ̀ tá a dé ló ti ń sunkún ní kíṣìnnì, ó ń pè é ní èéfín. Bẹ́ẹ̀ gáàsì la fi ń dáná! Ó ń sọ lórí fóònù pé ilẹ̀ ò gba òun, ó rò pé mo ti sùn. Mo ní kí ni n ó ṣe? Bí mo bá ní kó máa padà lọ, kò ní fi mí sílẹ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá gbẹ díẹ̀, wàá wá gbé mi, òun náà á sì bá wa lọ. Òun ló fẹ́ padà, èmi kọ́. Èmi ti wà nílé mi."

Zulkifli jókòó sórí báàgì.

Mo ní, "Màámi. Ewé ànàmọ́ yẹn ńkọ́?"

"Mo kàn dárúkọ ohun tí mo mọ̀ pé o ò lè rí rà ni. Ta ló mọ̀ pé wàá lọ gbìn ín?"

Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀, mo fi orí lé itan wọn, ó ti di egungun lásán, mo ń ní, "Ẹ̀ bá ti bi mí, Màámi, ẹ̀ bá ti bi mí." Wọ́n ń fi ọwọ́ pa mí lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n ń ní, "Ìwọ náà ì bá ti sọ." Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n gbá mi léjìká.

"Ó tó. Dìde, lọ bu oúnjẹ wá, kó pọ̀. Ebi ti ń pa mí láti oṣù kìíní."